Àrùn Là Ń Wò, A Kì Í Wo Ikú: Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí ẹnu ń yá láti sọ. Láwùjọ wa, bí ènìyàn bá dárúkọ ikú níwájú aláìsàn, wọn á ní kí ó tutọ́ ẹnu rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ikú kì í dúró de ìgbà tí a bá ṣe tán láti dárúkọ rẹ̀. Nínú àwọn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa, ẹ̀rọ ń mí fún ẹni tí kò lè dá mí mọ́. Ọmọ ń ta ilẹ̀ kí ó lè ra ọjọ́ méjì sí i fún ìyá tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Dókítà ń dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Ta ló ní àṣẹ láti sọ pé ó tó? Kí sì ni Ìṣẹ̀ṣe wí sí i?

Mo fẹ́ sọ èrò mi tààrà kí n tó ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ kọ́, ẹbí kọ́, dókítà kọ́, àwa awo náà kọ́. Iṣẹ́ tiwa ni kí a bi í léèrè nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, ní èdè tí ó yé e, kí a sì tọ́jú rẹ̀ dé òpin láìtì í síwájú ikú, láìsì fi ipá dì í mú nígbà tí ó bá ń lọ.

Wíwò, ìwòsàn, ìtọ́jú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbé òwe yìí ró ni "wò". Láti ara rẹ̀ ni a ti rí "wòsàn", èyí tí í ṣe wíwò tí ó yọrí sí sísàn. Oníṣègùn lè wo àrùn kí ó má sàn, kò sì ní í jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹta wà tí òwe náà kò mẹ́nu bà, òun ni "tọ́jú". À ń tọ́jú ọmọ tuntun tí kò ṣàìsàn. À ń tọ́jú àlejò. À ń tọ́jú òkú pàápàá kí a tó sin ín. A tún ń tọ́jú ohun iyebíye pamọ́ kí ó má bàa sọnù. Ìtọ́jú kò béèrè bóyá àrùn yóò lọ tàbí kò ní í lọ. Níbi tí wíwò bá parí sí, ìtọ́jú kò tí ì parí.

Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Dókítà á sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe mọ́, pé kí wọ́n máa gbé baba lọ sílé. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé wíwò ti dópin. Ohun tí ẹbí gbọ́ ni pé wọ́n ti já baba jù sílẹ̀. Wọn á gbé baba láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, láti orí òkè àdúrà dé ilé aláwo, wọn á máa wá ẹni tí yóò tún sọ pé òun lè wò ó. Nínú gbogbo ìrìn yìí, kò sí ẹni tó bi baba bóyá ìrora ń jẹ ẹ́, bóyá ó rí oorun sùn, bóyá ẹnìkan wà tí ó fẹ́ rí.

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti ní ẹ̀ka kan tí ó jẹ́ ìtọ́jú nìkan, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ara rọ aláìsàn tí àrùn rẹ̀ kò ní í lọ. Cicely Saunders, obìnrin tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ló dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní London ní ọdún 1967. Ó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìrora ẹni tó ń kú kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí àti owó wà níbẹ̀, ti ẹ̀mí náà sì wà níbẹ̀. Babaláwo wo ni yóò gbọ́ èyí tí yóò sọ pé àjèjì ọ̀rọ̀ ni? Ní Nàìjíríà, UCH tó wà ní Ìbàdàn wà lára àwọn ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú yìí. Mọ́fíìnì tí a pò mọ́ omi fún mímu wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa ìrora jẹrẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú ènìyàn 100 tó nílò ìtọ́jú yìí káàkiri ayé, nǹkan bí 14 péré ló ń rí i gbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú ibi tí kò sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ohun tí Afùwàpẹ́ ṣe kí ó tó yan Orí

Ẹni tó bá mọ Ifá mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta inú Ògúndá Méjì: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wá sílé ayé, wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá. Méjì nínú wọn yára, wọ́n wọlé, wọ́n mú orí tó dán lójú, orí náà kò sì lálòpẹ́. Afùwàpẹ́ ni ó kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí wọ́n dífá fún un, tí ó rúbọ, tí ó sì bi àwọn tó mọ̀nà léèrè kí ó tó nawọ́ mú orí tirẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé ebọ ni ó yọ Afùwàpẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a kì í tẹnu mọ́: ìbéèrè ni ó ṣáájú yíyàn. Orí tí ọ̀rẹ́ méjèèjì mú jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n yàn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí wọ́n yàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aláìsàn tí wọ́n fi àrùn rẹ̀ pamọ́ fún. A ní a kò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, a bá dókítà dìtẹ̀ pé ọgbẹ́ inú ni kí ó pè é, nígbà tí ó jẹ́ jẹjẹrẹ. A ti gba yíyàn lọ́wọ́ ẹni tí ó kúnlẹ̀ yan orí tirẹ̀ láìsí àwa níbẹ̀.

Ohun tó mú mi sọ pé aláìsàn ló ni ọ̀rọ̀ nìyí. A gbà gbọ́ pé kò sí òrìṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Bí òrìṣà kò bá lè kọjá orí ẹni, báwo ni àbúrò ìyàwó ṣe wá lè kọjá rẹ̀? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àṣà àwọn Òyìnbó ni kí ẹnìkan ṣoṣo máa dá ìpinnu ṣe, pé agbo ilé ni Yorùbá ń gbé. Agbo ilé ni à ń gbé lóòótọ́, ẹbí ni yóò gbé aláìsàn, ẹbí ni yóò san owó, ẹbí ni yóò sin òkú. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé yìí kan náà, nígbà tí àgbà bá pe àwọn ọmọ jọ ní alẹ́ ọjọ́ rẹ̀, tí ó sọ ibi tí wọn yóò sin òun sí àti ẹni tí yóò gba ohun ìsìn lọ́wọ́ òun, ta ni ó máa ń jiyàn? Ọ̀rọ̀ àgbà tó ń lọ ni òfin ilé. Àwa ìran tòní ni a pa á lẹ́nu mọ́.

Òwe méjì tí a ń ṣì lò

Òwe kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn tó wà lókè òkun: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìdí tí ó fi gbòde kò ṣòroó mọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù June ọdún 2025, àwọn aṣòfin House of Commons nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìbò 314 sí 291 gba àbá òfin tí yóò jẹ́ kí àgbàlagbà tí dókítà ṣírò pé kò ní í lò ju oṣù mẹ́fà lọ lè béèrè fún ìrànlọ́wọ́ láti kú. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ òrìṣà ẹlẹgbẹ́ wa pọ̀ sí, òfin ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù December ọdún 2023 mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ ènìyàn sí ikú tó níyì. Àwọn ọmọ Yorùbá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà wà nínú àwọn ilé ìwòsàn London. Wọ́n ń bi wá pé kí ni Ìṣẹ̀ṣe wí. Àwọn kan ti dáhùn fúnra wọn pé àwọn baba wa ti fọwọ́ sí i láti ayébáyé. Wọ́n tọ́ka sí Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì kọ̀, tí wọ́n gbé igbá fún kí ó lọ sùn. Wọ́n tọ́ka sí ẹlẹ́ṣin ọba, èyí tí Wọlé Ṣóyínká àti Dúró Ládiípọ̀ fi kọ eré.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sín inú òwe yìí jẹ́ ìtìjú tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà tàbí èyí tí ó já lé oyè rẹ̀. Balógun tó sá lójú ogun ló ń rò ó, ọba tó da ìlú rú ló ń rò ó. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín. Kí wọ́n máa wẹ̀ fún àgbà kì í ṣe ẹ̀sín, nítorí àwọn kan náà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀rọ̀ oyè ni ti Aláàfin àti ẹlẹ́ṣin. Àwọn méjèèjì lè ní ara líle bí òkúta lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Ẹni tó bá fi òwe balógun ka ara arúgbó tí kò lè dá dìde mọ́, ó ti pe ara arúgbó náà ní ìtìjú. Èyí gan-an ni Yorùbá kò gbọdọ̀ sọ.

Ìdí kejì tí n kò fi gbà ni ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò ti rí oògùn ìrora, tí ó jẹ́ pé àpò ẹbí ni owó ìtọ́jú ti ń jáde, bí baba bá sọ pé "ẹ jẹ́ kí n kú", ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé, "Mo rí i pé ẹ ti ta mọ́tò." Ó lè jẹ́ pé, "Ìrora yìí pọ̀." Ẹni tí a kò tíì fún ní oògùn ìrora kò tíì yan ikú, ìrora ló bá a yàn án. Ẹ fún un ní ìtọ́jú ná, kí a tó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Òwe kejì dojú kọ apá kejì: àìkú parí ìwà. Èyí ni àwọn tó ní kí a lo gbogbo ẹ̀rọ, kí a ta gbogbo ilẹ̀, máa ń gbára lé. Ire àìkú ni a mọ̀ sí ire tó ga jù, wọ́n ní ẹni tó bá ní "ó tó" ti kọ ire náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa. Kò ní àìkú jẹ́ mímí. Ìwà ni ó sọ pé àìkú parí, ìwà sì ni wíwà, òun náà sì ni bí a ti ń hù ú. Ire tí à ń tọrọ ni kí á gbó, kí á tọ́, kí á rí ọmọ ọmọ, kí á sì parí ohun tí á kúnlẹ̀ yàn. Ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀rọ fi mí fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti lọ kò fi ohun kan kún ìwà rẹ̀.

Ohun tí mo rí láàárín òwe méjèèjì ni pé Ìṣẹ̀ṣe kò ní kí a pe ikú, kò sì ní kí a bá a jà lójú ọjọ́ tí ó pé. Ifá mọ ikú àìtọ́jọ́, ó sì ní ebọ fún un. Ifá mọ ikú ọjọ́ náà, ìyẹn kò sì ní ẹbọ mìíràn ju pé kí a sin àgbà sọ́nà dáadáa lọ.

Ìdílé kan tí kò béèrè

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin kan wá rí mi. Mẹ́ta fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, ẹ̀kẹrin wà lórí fóònù láti Houston. Ìyá wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ti lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ICU ilé ìwòsàn kan, ẹ̀rọ ni ó ń bá wọn mí. Àkọ́bí ní, "Bàbá Awo, ẹ bá wa bi Ifá. Ṣé kí á ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ yẹn ni, àbí kí á ta ilé kejì?" Ẹni tó wà ní Houston pariwo láti inú fóònù pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà ti pa ìyá òun.

Mo bi wọ́n pé, "Kí ni Màmá sọ nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọdún méjì ló wà láàárín rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi jókòó níwájú ilé, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n. Àbíkẹ́yìn ni ó rántí nígbẹ̀yìn pé Màmá máa ń sọ pé òun kò fẹ́ kú sáàárín àwọn tí òun kò mọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà, kí wọ́n bi í bóyá Màmá tún lè là jú, kí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ kan wà lẹ́bàá wọn tọ̀sán tòru. Màmá kú lọ́jọ́ kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ilé kejì ti wọ gbèsè. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tí ì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bó ti yẹ títí di òní. Ìbéèrè ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìbá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Ohun tí òfin ilẹ̀ wa sọ

Òfin Nàìjíríà náà fi hàn pé ẹnu aláìsàn ni ìmọ́lẹ̀ wà. Abala 311 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù sọ pé ẹni tó bá mú kí ikú aláìsàn yá, ìbáà jẹ́ nípa ohun tó ṣe tàbí ohun tó kọ̀ láti ṣe, òfin kà á sí ẹni tó pa á. Abala 326 fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹbí tó bá dìde láti pinnu fún ẹni tí kò sọ ohunkóhun rí, inú òkùnkùn ni wọ́n ń rìn.

Ṣùgbọ́n bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá kọ ìtọ́jú ńkọ́? Ní ọdún 1991, obìnrin ọmọ ọdún 29 kan tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá Dókítà Okonkwo, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọdún 2001, àwọn adájọ́ dá dókítà náà láre: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ara rẹ̀ àti sí ẹ̀sìn rẹ̀ ni. Ẹlẹ́sìn mìíràn ló jà fún ẹ̀tọ́ yìí, ṣùgbọ́n ti gbogbo wa ni. Bí òfin bá bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn, ó gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún onífá tó ní òun kò fẹ́ ẹ̀rọ, ilé ni kí wọ́n gbé òun lọ.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 tún fi kún un. Abala 23 ní kí oníṣẹ́ ìlera sọ ipò ara aláìsàn fún un, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó wọn, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀. Bí ẹ̀rí tó múná bá wà pé sísọ ipò ara náà yóò ṣe aláìsàn ní jàǹbá, òfin fàyè gba pé kí a dá ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ìtìjú ẹbí kì í ṣe ẹ̀rí. Níbi tí inú mi ti dùn jù gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ni pé òfin náà ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n fi èdè tí aláìsàn gbọ́ sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin ajàfẹ́tọ̀ọ́ àṣà, iṣẹ́ wa rèé! A ń pariwo pé kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́ ọmọ níléèwé. Ta ló ń pariwo pé kí wọ́n fi Yorùbá sọ fún ìyá àgbà pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é?

Àwa awo ńkọ́?

N kò ní í bo ilé tiwa mọ́lẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí aláìsàn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n á ní ewúrẹ́ kan ló kù. Lẹ́yìn ewúrẹ́, àgbò. Lẹ́yìn àgbò, màlúù. Wọ́n á ní kí aláìsàn sọ oògùn dókítà nù. Nígbà tí ó bá kú, wọ́n á ní ẹbí ni kò tètè rúbọ. Ẹni tó ṣe èyí kò yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn aládàáni tó mọ̀ pé aláìsàn kò lè là mọ́ tó sì ń kọ owó ibùsùn lójoojúmọ́. Ifá tí ó ti fọhùn, kí a sọ ọ́ bó ti sọ ọ́. Bí ìbò bá fi hàn pé ọjọ́ ti pé, ẹ má fi irọ́ dí i. Ẹ bi Ifá ní ìbéèrè mìíràn: ire wo ló kù? Ire ìlàjà pẹ̀lú ọmọ tó bínú? Ire kí ó fi iṣẹ́ àti òrìṣà lé arọ́pò lọ́wọ́? Ire oorun? Àwọn wọ̀nyí ni ebọ ìkẹyìn.

Ohun mìíràn tó ń dùn mí ni bí àwọn àgbà wa ṣe ń kú ní àjèjì sí ara wọn. Babaláwo fi àádọ́ta ọdún bọ Ifá. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ọmọ rẹ̀ tó yí ẹ̀sìn padà mú olùṣọ́-àgùntàn tàbí àlùfáà wá sórí ibùsùn, wọ́n ń rọ̀ ọ́ kí ó ronú pìwà dà, nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e láti dáhùn. A ti jà títí tí ìjọba Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun fi fún wa ní ọjọ́ 20 oṣù August fún ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí ó ní ọjọ́ ìsinmi tí kò ní ẹni tí yóò jókòó ti olùsìn rẹ̀ níbi tí ó ti ń kú, kí ni a fẹ́ pè é?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín nígbà tí ara wọ́n le. Ẹ má dúró de àìsàn. Ẹ béèrè pé: "Màmá, bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀, ta ni kí ó bá yín sọ ọ́? Ibo lẹ fẹ́ wà? Ta lẹ fẹ́ lẹ́bàá yín? Ìtọ́jú wo ni ẹ kò fẹ́?" Yóò kọ́kọ́ dà bí àrífín. Ẹ kúnlẹ̀ béèrè, ẹ dọ̀bálẹ̀ béèrè. Kò sí àgbà tó ń bínú sí ọmọ tó kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan lé dókítà lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ agbẹnusọ kan ṣoṣo nínú ẹbí, kí gbogbo ọmọ mọ̀ ọ́n, títí kan èyí tó wà ní Houston. Ẹ kọ ẹ̀sìn rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ orúkọ awo tó fẹ́ kí wọ́n pè.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan, mo rọ̀ yín kí ẹ yan awo àti ìyánífá tí wọn yóò kọ́ bí a ti ń bẹ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn: ẹni tó mọ̀ pé a kì í da omi ewé sí ẹnu ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, tó mọ bí a ti ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, tó lè dákẹ́. Kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn pé bí ẹ ti ń ṣílẹ̀kùn fún pásítọ̀ àti ààfáà, ẹ ṣí i fún wa.

Ní ìparí, nígbà tí wọ́n bá ní wíwò ti parí, ẹ má sáré kiri mọ́. Ẹ béèrè ibi tí ìtọ́jú wà. Ẹ béèrè oògùn ìrora, kí ẹ sì tẹnu mọ́ ọn. Ẹ gbé ẹní súnmọ́ ibùsùn, ẹ di ọwọ́ mú, ẹ ki oríkì wọn sí wọn létí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pa dé lè máa gbọ́. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n ènìyàn là ń tọ́jú, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Kí orí wa má fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí a gbó, kí a tọ́, kí a sì ní ọmọ tí yóò bi wá léèrè.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.